Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Dínà

Ó ti di àṣà ní ilẹ̀ wa pé bí ọkọ̀ bá pa akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀kọ́ gíga, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ti kó igi àti táyà tí ń jó sí ojú títì. Ọkọ̀ kò ní lè lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè bọ̀. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ yóò wá bẹ̀bẹ̀, ọlọ́pàá yóò dé, ìjọba yóò sì ṣe ìlérí pé òun yóò ṣe òkìtì tí ń dín eré kù sí ibẹ̀. Àwa kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n bínú. Ọmọ tí a bí, tí a tọ́, tí a ta ilẹ̀ rán ní ilé-ẹ̀kọ́ títí ó fi ku ọdún kan kí ó gba oyè, tí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú wá tẹ̀ pa bí ẹran, ẹni tí kò bá bínú sí irú ikú bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ le ju òkúta lọ. Ohun tí a fẹ́ bi àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé, kí ni wọ́n ti ṣe nípa ọ̀nà náà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ikú yìí?

Kì í ṣe láti fi wọ́n ṣẹ̀sín ni a fi ń béèrè. Inú ọgbà ẹ̀kọ́ gan-an ni iṣẹ́ ààbò ojú pópó ti gbérí láàárín wa. Ifẹ̀, ibi tí ojúmọ́ ti í mọ́ wá, ni Wole Soyinka ti ń kọ́ni ní yunifásítì ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń gba ẹ̀mí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ léraléra. Ọ̀ràn ọ̀nà kì í ṣe tuntun sí i, nítorí eré orí ìtàgé rẹ̀ tí ń jẹ́ The Road ti jáde láti ọdún 1965. Ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí inú ìwé. Ní ọdún 1977, nígbà tí David Jemibewon jẹ́ gómìnà ológun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, Soyinka sì wà nídìí rẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká ní ọdún 1983. Ó di oṣù Kejì ọdún 1988 kí Ìjọba Àpapọ̀ kan náà tó fi òfin 45 ti ọdún náà dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Soyinka ni alága rẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Olu Agunloye sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ fún àwọn ẹ̀ṣọ́. Ẹ ò rí i pé ohun tí ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ká ni ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ!

Lóde òní, àwọn ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn agùnbánirọ̀ náà sì ní tiwọn. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì, ohun tí a sábà máa ń rí ni ìwọ́de ọlọ́dọọdún: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé páálí tí a kọ ọ̀rọ̀ sí lára, wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì padà sí yàrá wọn. Ó dára, ó ju kí a jókòó lásán lọ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí a ń na páálí sí ti kọjá lọ kí ó tó ka ìlà kejì. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú ní ọjọ́ náà, àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó wọ́de yóò gun ọ̀kadà ní ẹni mẹ́ta, láìsí akoto lórí ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nǹkan bíi ènìyàn 1,190,000 ni ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa láàárín ọdún kan ní gbogbo ayé, àti pé òun ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo iye ọdún yẹn dáadáa. Láti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ títí dé ẹni tí ó ń gba oyè kejì, ọmọ yín ni gbogbo wọn.

Ẹ̀kọ́ tí a lè fi kọ́ wọn kò ṣòro. Ọkọ̀ tí ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí awakọ̀ bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré wo fóònù rẹ̀, ó ti rin mítà 56 bí afọ́jú. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ yóò rìn lẹ́yìn tí a ti tẹ bíréèkì kò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò dà. Olùkọ́ ìṣirò tí ó bá kọ èyí sí ojú pátákó ti ṣe ju ìwọ́de mẹ́ta lọ.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni ti èrò ọkọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò ní ọkọ̀. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni wọ́n ń jókòó sí. Awakọ̀ jẹ́ ẹnì kan, èrò lè tó mẹ́rìnlá, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò la ẹnu nígbà tí ó bá ń sá eré àsápajúdé. Bí ọ̀kan bá tilẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn tó kù yóò ní kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ ṣépè fún àwọn, kí ó gbàdúrà. A tún rí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa kígbe pé, “Dẹ́rẹ́bà, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, aago mẹ́jọ ni ìdánwò mi!” Bẹ́ẹ̀ owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni awakọ̀ tí ń ná gáréèjì ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀kọ́ fi ń bọ́ ilé rẹ̀. Agbára wà níbẹ̀ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì lò. Bí wọ́n bá bá ẹgbẹ́ awakọ̀ jókòó, tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹnì kan ṣoṣo ni ọlọ́kadà yóò gbé, pé akoto méjì ni yóò máa mú dání, pé a kò ní wọ ọkọ̀ tí ó bá kó èrò méjì sí ìjókòó iwájú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn awakọ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. A kò sọ pé kí wọ́n máa já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tàbí kí wọ́n máa lu ènìyàn o. Iṣẹ́ òfin wà lọ́wọ́ àwọn tí òfin yàn.

A kò sì fi èyí dá ìjọba láre lórí kòtò àti gegele. Kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ọ̀nà tuntun tí ó ń dán ni, síbẹ̀ òun náà di ibi tí a mọ̀ mọ́ ìjàǹbá.

Iṣẹ́ kan wà tí kò gba ariwo. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì máa jókòó ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀: iye ọkọ̀ tí kò dẹ eré, wákàtí tí èrò ń fo títì jù, ibi tí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ènìyàn. Ẹni tí ó bá mú àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta tọ àjọ ẹ̀ṣọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ lè gba òkìtì ìdínrékù láìsí òkú.

Àwọn olùkọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ rò pé a yọ wọ́n sílẹ̀. Bí a bá fi ìdánwò ìkẹyìn sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí a sì ní kí gbogbo yàrá ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwa ni a ti àwọn ọmọ náà sí ojú ọ̀nà ní òru, nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ti wa mọ́tò láti ìdájí. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé béèrè pé kí ìdánwò ìkẹyìn máa parí kí ọ̀sán tó pọ́n, kí a sì fún wọn ní ọjọ́ méjì láti kó ẹrù wọn, kí wọ́n sì fi ìwé náà lé aláṣẹ lọ́wọ́ kí a tó lẹ ètò ìdánwò mọ́ ògiri.