Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ǹjẹ́ ẹ̀rọ lè bá wa ka ikọ́?

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè ọmọ olókè, níbi tí ìkùukùu òwúrọ̀ ti ń bo òrùlé, ta ni nínú wa tí ó lè sọ iye ìgbà tí òun wúkọ́ lóru àná?

1. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà gbayé kan, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, tí kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ, tí a ń lẹ̀ mọ́ kòtò ìsàlẹ̀ ọ̀fun.

2. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀. Bí awọ ọ̀fun ṣe ń gbọ̀n ni ó ń mọ̀, tí ó fi ń ya ikọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rín, tí ó sì ń ṣọ́ mímí àti lílù ọkàn.

3. Àmì ni ẹ̀rọ ń rí. Dókítà ni í sọ orúkọ àrùn.

4. Bí ikọ́ ìyá àgbà bá pé ọ̀sẹ̀ 2, tí wọ́n ṣì ń sọ pé èéfín ààrò ni, ẹ mú wọn lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò nílé ìwòsàn ìjọba, nítorí ó lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín ọ̀rọ̀ yìí fún ará ilé.