Ta Ni Kí Ó Sanwó Ilé Àwọn Ọmọ Ogun?

Nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan bá tọ ìjọba lọ pé kí ó bá àwọn san owó ilé ìkó-ohun-ìjà-sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn a rò pé ọ̀rọ̀ bíríkì àti páànù ni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àwọn ọmọ ogun náà ni, ìtàn New York ní Amẹ́ríkà sì fi èyí hàn gbangba.

Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Keje ti ìlú náà kì í ṣe ológun tí ń gba owó oṣù. Ọmọ olówó àti oníṣòwò ni púpọ̀ nínú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ìlú fi sọ wọ́n ní ẹgbẹ́ oníbọ̀sẹ̀ sílíkì. Ní 1874, ìlú fún wọn ní ilẹ̀ sí Park Avenue. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1873 kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, owó ilé kò sì tẹ̀lé ilẹ̀. Ni wọ́n bá yíjú sí àwọn ọlọ́rọ̀, àwọn ìdílé bíi Astor àti Vanderbilt sì dáwó.

Ní July 1877, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú púpọ̀. Ní Pittsburgh, àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ yìnbọn lu èrò, nǹkan bí 20 ènìyàn sì kú. Ní October ọdún kan náà ni a fi ìpìlẹ̀ ilé New York lélẹ̀. Ní 1879, Ààrẹ Hayes fúnra rẹ̀ wá ṣí ọjà ìkówójọ tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀, owó tí wọ́n rí sì lé ní 100,000 dọ́là. Ní 1880, wọ́n kó wọlé.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà; a kò lè ṣe aláì yin ìsapá yìí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè: òṣìṣẹ́ tí ó rí i pé owó ọ̀gá rẹ̀ ni a fi kọ́ ilé ìbọn, báwo ni yóò ṣe gbà pé ìbọn náà ń ṣọ́ òun pẹ̀lú? Ó dára nígbà náà pé ní 1884, New York ṣe òfin tí ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa fi owó ìlú kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ṣáájú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a jíròrò irú owó bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kí a sì ṣírò rẹ̀ fún ará ìlú. Bí ọlọ́rọ̀ bá fi owó ara rẹ̀ pe Louis Comfort Tiffany wá ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́, bí ó ti rí ní Park Avenue, ọ̀ràn tirẹ̀ ni. Owó orí kò gbọdọ̀ rìn bẹ́ẹ̀.

Ìdáwó a máa kọ́ ilé, ṣùgbọ́n kì í tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ní 2000, World Monuments Fund ka ilé náà mọ́ àwọn tí ewu wà lórí wọn jù lọ láyé; ní 2006, ìpínlẹ̀ fi í lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ fún 99 ọdún, iṣẹ́ ọnà sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí.

Èrò wa ni pé gbèsè ilé ìkó-ohun-ìjà-sí, gbèsè gbogbo ìlú ni. Kí ìjọba san án, kí ó sì jíhìn rẹ̀. Ọmọ ogun tí gbogbo ìlú bá jùmọ̀ gbé ilé fún kò ní ìdí láti mọ ẹnìkan ní olówó rẹ̀.