Ọ̀pọ̀ àti Ọ̀wọ́n: Bí A Ṣe Lè Yan Bátìrì Sólà ní Lẹ́kí àti Ajah

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Èdè ni ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú èdè Yorùbá, bí a bá ní ọjà kan wọ́n, ohun méjì ni a lè ní lọ́kàn: ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ ga, ó sì lè jẹ́ pé a kò rí i rà. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ rí: ohun tí ó kún ọjà ni ọ̀pọ̀, ohun tí owó rẹ̀ kò ga náà ni ọ̀pọ̀. Àwọn baba wa kò ya méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé lójú tiwọn, ohun tí a kò bá rí ní ọjà ni owó rẹ̀ ń ga. Bátìrì ni ó kọ́ mi pé nǹkan lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ní ọjọ́ tí a rà á, kí ó sì di ọ̀wọ́n ní gbogbo alẹ́ tí a bá lò ó.

Kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Àárín òkun àti ọ̀sà ni Lẹ́kí wà. Láti ibẹ̀ títí dé Ajah, Badore àti Ṣàngótẹ̀dó, ilé ń yára hù ju òpó iná lọ. Àwọn àdúgbò kan wà tí wáyà kò tíì dé. Àwọn mìíràn wà tí wáyà dé, ṣùgbọ́n tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a dé. A ti pa orúkọ NEPA rẹ́ láti ọdún 2005, a sì ti fi iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní ọdún 2013. Síbẹ̀, bí iná bá lọ, NEPA náà ni àwọn ọmọ tí a kò tíì bí ní ọdún 2005 ń dárúkọ. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye jálá kan ju ìlọ́po méjì lọ ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tí a ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́ fò láti náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n kan. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbójú sókè sí oòrùn.

Ẹni tí ó bá ra sólà máa ń ro pé pátákó orí òrùlé ni ó rà. Ṣùgbọ́n oko ni pátákó, bátìrì ni àká. Pátákó tí ó dára lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òrùlé. Bátìrì ni a óò máa pààrọ̀, ibẹ̀ sì ni owó ń gbà jáde.

Kí ènìyàn tó lọ sí ọjà, ó yẹ kí ó mọ bí ebi ilé rẹ̀ ti tó. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé oníyàrá méjì kan ní Ajah. Fáànù tí ó ń jẹ wáàtì 60, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10, yóò jẹ 600. Gílóòbù márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wáàtì 9 fún wákàtí 5, yóò jẹ 225. Tẹlifíṣọ̀n tí ó ń jẹ wáàtì 80 fún wákàtí 4 yóò jẹ 320. Bí a bá fi 55 kún un fún fóònù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1200. Ẹ̀rọ ínfátà pàápàá ń jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kí a fi bí ìdá mẹ́wàá kan lé e. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ fìríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀.

Oríṣi bátìrì méjì ni ó kún ọjà. Èkínní ni bátìrì olójèé, tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Gaston Planté ṣe ní ọdún 1859. Òjé yìí kan náà ni àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Èkejì ni bátìrì lítíọ́mù. Iṣẹ́ lórí irú bátìrì yìí ni ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019 fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino. Èyí tí a fi irin àti fọ́sífétì ṣe ni ó dára jù fún ilé, nítorí kì í tètè gbiná bí irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù. Lára bátìrì, a ó rí LiFePO4. Àmì rẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ńbà ara bátìrì kì í sọ gbogbo òtítọ́. Bátìrì olójèé fóòtì 12 tí a kọ 200Ah sí lára ní 2400 nínú, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á kọjá ìdajì ní alẹ́ gbogbo, yóò tètè kú. 1200 péré ni tiwa nínú rẹ̀. Lítíọ́mù fóòtì 12.8 tí a kọ 100Ah sí lára ní 1280 nínú, a sì lè fa ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìsí ewu, èyí tí ó lé ní 1000. Ẹni tí ó bá fi 200 wé 100 ní ìsọ̀, tí ó sì rò pé èkínní jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì, ti ṣìnà.

Iye owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, nítorí náà àpẹẹrẹ lásán ni èyí tí n óò mú wá yìí. Ká ní olójèé jẹ́ 300,000 náírà, tí ó sì lo òru 500. Òru kọ̀ọ̀kan jẹ́ 600 náírà. Ká ní lítíọ́mù jẹ́ 750,000, tí ó sì lo òru 3000, èyí tí ó lé ní ọdún mẹ́jọ. Òru kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 náírà. Bí a tilẹ̀ ro ti ìyàtọ̀ díẹ̀ tí ó wà nínú iye iná wọn mọ́ ọn, èkejì kò tó ìdajì èkínní. Olójèé onítúbù, èyí tí a ń bu omi sí, lè lo ìlọ́po méjì òru 500 náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá tọ́jú rẹ̀. N kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ẹni tí iná ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa, tí ó kàn fẹ́ fi bátìrì gbe wákàtí díẹ̀, kò ṣìṣe bí ó bá rà á. Ẹni tí kò ní iná mìíràn yàtọ̀ sí ti oòrùn ni mò ń bá wí.

Ìdí rẹ̀ ni òjò. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ìkùukùu a máa bo Èkó. Oòrùn tí ó lágbára lójúmọ́ lè máà ju bí wákàtí mẹ́ta lọ. Bátìrì kò ní kún, àwa yóò sì tún fà á ní alẹ́. Bí bátìrì olójèé bá wà láìkún fún ìgbà pípẹ́, èérún funfun yóò dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lítíọ́mù kò bìkítà bí a kò bá kún un. Ooru pẹ̀lú ń bá olójèé jà: bí ó bá fi bí ìwọ̀n 10 ju 25 lọ nínú yàrá tí a gbé e sí, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò dínkù sí ìdajì. Ẹ wo abẹ́ páànù ní Ṣàngótẹ̀dó ní oṣù kẹta.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Ní ọdún 2021, mo ra bátìrì méjì lọ́wọ́ oníṣòwò kan nítorí pé tirẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. 200Ah ni a kọ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ó gbé wọn gun àtẹ̀gùn ilé mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èjìká, tí ó sì ń súfèé. Mo yìn ín fún agbára rẹ̀. Lẹ́yìn tí òjò ọdún kejì dá, tí àwọn bátìrì náà kò lè gbé fáànù dé agogo mẹ́wàá alẹ́ mọ́, ni mo tó mọ̀ pé ojúlówó olójèé 200Ah ń wọn bí kílò 60, ènìyàn méjì ni ó sì máa ń gbé e. Ọ̀dà ni a fi kọ nọ́ńbà, òjé ni ó ń wọn kílò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n mú ìwọ̀n lọ́wọ́ lọ sí ìsọ̀. Ẹ má ra bátìrì ọkọ̀ fún iṣẹ́ yìí. A ṣe é láti fi agbára ńlá jí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, kò lè gbé òru. Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀ pẹ̀lú, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún yín iye òru tí ó ti lò níbi tí ó ti ń bọ̀.

Ẹnì kan yóò béèrè pé, níbo ni tálákà yóò ti rí 750,000 lẹ́ẹ̀kan náà? Ìbéèrè náà le, ìṣirò mi kò sì dáhùn rẹ̀. Ẹni tí kò lówó ni ó ń san 600 lóru, olówó ni ó ń san 250. Àjọ tí a ń dá ni ọ̀nà tí mo mọ̀: kí ènìyàn mẹ́jọ nínú ọgbà kan máa dá a, kí ẹnì kan máa kó o láti ra bátìrì. Lítíọ́mù 100Ah kò wúwo ju bí kílò 12 lọ. Bí onílé bá fi kún owó ilé, ayálégbé lè gbé e lọ́wọ́ jáde.

Níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí, ẹ gbé e ga. Àwọn tí omi wọ ilé wọn ní Lẹ́kí ní oṣù keje ọdún 2017 kò nílò àlàyé. Kí ẹ sì máa nu orí rẹ̀ tí wáyà so mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ òkun a máa jẹ irin.

Ó ku ibi tí òkú bátìrì ń lọ. Àwọn tí ń ké kiri ra bátìrì tí ó ti kú yóò sanwó fún un, nítorí òjé inú rẹ̀ ṣì níye lórí. Ní Ògìjó, ní ẹ̀gbẹ́ Ìkòròdú, ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irú òjé bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan tí ń gbé tàbí tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wò, tí a sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní òjé nínú ẹ̀jẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè ṣe wọ́n níjàm̀bá. Ọmọdé ni òjé ń bà jẹ́ jù. Ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń lọ bá. Bátìrì tí ó ń kú lẹ́yìn òru 500 yóò gba ọ̀nà yẹn lọ nígbà mẹ́fà kí èyí tí ó ń lo òru 3000 tó kú lẹ́ẹ̀kan.

Méjì tèmi ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná. Mo gbé wọn sórí pákó, mo fi ọ̀rá bò wọ́n. Àwọn tí ń rà á ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ń fi owó kún owó, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó lè sọ fún mi ibi tí ó ń gbé wọn lọ.