Amọ̀ Tí Iná Kì Í Yọ́

Kí ìṣáná tó di ohun gbogbo ilé, àpáàdì ni àwọn ìyá wa fi ń fọnná láti ilé kan sí èkejì. Ẹyín iná á wà lórí rẹ̀, kò ní jó, kò ní yọ́. Ibẹ̀ la fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé wa lórí amọ̀ tí ń fara da iná, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní argile réfractaire.

Amọ̀ kò lágbára bákan náà. Amọ̀ pupa, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, dára fún ìkòkò ọbẹ̀ àti àmù, nítorí iná igi àti koríko tí àwọn amọ̀kòkò ń dá ní gbangba kì í sábà kọjá 900°C. Bí ooru bá ga ju ìyẹn lọ púpọ̀, irin náà á jẹ́ kí amọ̀ rọ̀, kí ó sì wó. Kaolin, amọ̀ funfun, yàtọ̀: irin inú rẹ̀ kéré, álúmínà rẹ̀ pọ̀. Èyí tó mọ́ gan-an lè fara da ooru tó ju 1,700°C lọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ̀ pé amọ̀ ju amọ̀ lọ. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ṣe dígí, wọ́n sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ooru tó ju 1,000°C lọ. Dígí ń yọ́ nínú ìkòkò wọn, ìkòkò náà kò yọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ irú dígí yìí ti jáde nínú ilẹ̀ títí dé Gao, ní Mali.

Ọgbọ́n kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbólò, lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀ sí Kétu, bíríkì tí iná kì í yọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́ inú ìléru, torí sìmẹ́ńtì ń fẹ́ nǹkan bí 1,450°C. Àwọn tó ń ṣe irú bíríkì bẹ́ẹ̀ máa ń lọ amọ̀ tí iná ti jẹ, wọn á pò ó mọ́ amọ̀ tútù, kó má baà sán. Chamotte ni wọ́n ń pè é. Àwọn amọ̀kòkò wa kan ti ń gún àpáàdì mọ́ amọ̀ fún ìdí kan náà láìwọ ilé ìwé.

Iṣẹ́ dígí Ifẹ̀ ti parẹ́. Àfọ́kù ìkòkò ló ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Ẹ má jẹ́ kí ti amọ̀kòkò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, bí ìyá tó ń mọ ìkòkò bá wà ní ìdílé yín, ẹ bi í léèrè: níbo ló ti ń wa amọ̀, kí ló ń pò mọ́ ọn, báwo ló ṣe ń dá èyí tó dára mọ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá sì rí àfọ́kù tó nípọn tí dígí lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pè wá.