Láti Ìfun Adìyẹ Dé Ibùsùn Aláìsàn

Nítorí pé kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ ìlera kò kàn, a fẹ́ ṣàlàyé ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń ṣe ìwádìí lé lórí: bí kòkòrò inú ìfun ẹranko àti ènìyàn ṣe ń di ìṣòro fún aláìsàn àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn.

Àìlóǹkà kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú ìfun adìyẹ, màlúù àti ènìyàn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Escherichia coli. Bí ó bá dúró sí àyè rẹ̀, kì í sábà pa wá lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó lè gba ẹ̀mí. Nígbà náà ni dókítà yóò nílò oògùn apakòkòrò.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Nígbàkígbà tí a bá lo oògùn wọ̀nyí, àwọn kòkòrò tí oògùn ràn ni ó ń kú. Èyí tí oògùn kò ràn yóò ṣẹ́kù, yóò sì máa bí sí i. Ó tún lè fi agbára náà lé kòkòrò mìíràn lọ́wọ́. Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí pẹnisílìn ní 1928, ti kìlọ̀ nípa èyí láti 1945.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, Iruka Okeke, Adebayo Lamikanra àti ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ E. coli 758 wò, èyí tí a gbà láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárín 1986 àti 1998. Ní 1986, èyí tí tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin kò ràn jẹ́ 9 sí 35 nínú 100. Ní 1998, ó ti di 56 sí 100. Ẹ kíyè sí i: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kì í ṣe aláìsàn.

Ní 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kéde pé àwọn rí agbára tí ń sọ oògùn colistin di asán lára kòkòrò inú ẹlẹ́dẹ̀, inú ẹran títà, àti lára aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Oògùn ìkẹyìn tí dókítà ń sá tọ̀ ni colistin, bẹ́ẹ̀ ni a ń pò ó mọ́ oúnjẹ ẹran kí ó lè tètè sanra! Ní 2017, ìjọba wọn fòfin de ìyẹn.

Nínú ilé ìwòsàn, ọwọ́ ni ó sábà ń gbé kòkòrò láti ibùsùn kan dé òmíràn. Ní 1847, Ignaz Semmelweis pàṣẹ ní Vienna pé kí àwọn dókítà máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gba ẹ̀bí. Ikú àwọn ìyálọ́mọ sì dínkù gidigidi. Òfin Mósè náà ti pàṣẹ, nínú Deutarónómì orí 23, pé kí a bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibùdó.

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ẹ má ṣe ra kápúsù méjì tàbí mẹ́ta ní Sábó fún inú rírun láìrí dókítà. Ẹ̀yin tí ń sin adìyẹ ní Rẹ́mọ, ẹ má ṣe da oògùn apakòkòrò sínú omi adìyẹ tí ara rẹ̀ le. Bí ẹ bá lọ kí aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ṣágámù, ẹ fọ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ jẹ́ kí omi àti ọṣẹ wà lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú. Oògùn tí a bá fi ọgbọ́n tọ́jú lónìí ni yóò ṣiṣẹ́ fún ọmọ wa ní ọ̀la. Kí Olúwa fún wa ní ìlera. Àmín.