Bọ́ǹbù Gúúsù Áfíríkà, dísù Ṣàngó-Ọ̀tà: Ta ló ń sanwó àríyànjiyàn núkílíà?

Bí rédíò bá ń sọ pé Amẹ́ríkà àti Íránì tún ti gbé ọ̀rọ̀ núkílíà dé, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Ṣàngó àti Ọ̀tà ló máa ń yí i sí ibòmíràn. Wọ́n á ní ìjà àwọn alágbára ni, kò kan ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ojú-Ore tàbí ẹni tó ń rọ ilẹ̀kùn onírin lójú ọ̀nà Ìdírókò. Ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n, owó dísù sì ni ọ̀nà tó máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Ó ti wáyé nílẹ̀ yìí rí, nígbà tí ìjọba tí Nàìjíríà kà sí ọ̀tá ń ṣe bọ́ǹbù. Ọ̀kan lára àwọn tó kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀ sì ni ọkùnrin tí gbogbo ayé mọ oko rẹ̀ sí Ọ̀tà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1977

Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1977, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Soviet rí i pé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà ti gbẹ́ kòtò jíjìn sínú aṣálẹ̀ Kalahari, níbi tí wọ́n ti fẹ́ dán bọ́ǹbù núkílíà wò. Soviet fi tó Amẹ́ríkà létí, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá fínná mọ́ ìjọba Pretoria, wọ́n sì pa ibẹ̀ tì. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n ṣe àpérò àgbáyé kan ní ìlú Èkó láti tako ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣòfin pé kí orílẹ̀-èdè kankan má ta ohun ìjà fún Gúúsù Áfíríkà mọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká Nàìjíríà lára kò ṣòro láti mọ̀. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń fi owó ran àwọn tó ń jà fún òmìnira níbẹ̀ lọ́wọ́, kódà wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fún ìrànwọ́ náà. Bí Pretoria bá wá ní bọ́ǹbù, ó lè fi dẹ́rù ba gbogbo ẹni tó bá ń ti àwọn ajìjàgbara lẹ́yìn. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn oníwèé ìròyìn àti àwọn olóṣèlú ni pé: kí ni ká ṣe?

Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n jiyàn lé

Ọ̀nà kìíní ni pé kí Nàìjíríà náà ṣe bọ́ǹbù tirẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ali Mazrui, ọmọ ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ síta nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe lórí rédíò BBC lọ́dún 1979, pé kò yẹ kí Áfíríkà dúró lọ́wọ́ òfo nígbà tí àwọn mìíràn ní núkílíà. Lọ́dún 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tún gbé e jáde. Bọ́ǹbù aláwọ̀ dúdú ni àwọn ènìyàn ń pe àbá náà. Àlàyé àwọn tó fara mọ́ ọn ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n lè dá a lóhùn kò ní yá lọ́wọ́ láti kọ́kọ́ gbéjà ko ẹlòmíràn.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà ní tiwọn láti sọ. Láti ọdún 1968 ni Nàìjíríà ti bọwọ́ lu àdéhùn àgbáyé pé òun kò ní ṣe ohun ìjà núkílíà. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 1986 ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida bẹ̀rẹ̀ ètò SAP, tí náírà fi já wálẹ̀, tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó èròjà wọlé láti òkè òkun sì ń ké ìrora. Nàìjíríà kò ní iná mànàmáná tó tó, ibo ni owó bọ́ǹbù yóò ti wá?

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi òwò jà. Ọ̀nà yìí ni ìjọba Ọbásanjọ́ tọ̀ jù. Lọ́dún 1978, ìjọba ní kí wọ́n kó owó ìjọba kúrò ní báńkì Barclays nítorí òwò tí báńkì náà ń ṣe ní Gúúsù Áfíríkà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Barclays ti Nàìjíríà yí orúkọ padà sí Union Bank. Lọ́dún 1979 náà ni ìjọba gba gbogbo ìpín BP ní Nàìjíríà nítorí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn ilé epo BP fi di African Petroleum, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AP. Kì í ṣe nítorí bọ́ǹbù nìkan ni wọ́n ṣe é. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lápapọ̀ ni wọ́n ń bá jà, àti ọ̀rọ̀ òmìnira Zimbabwe pẹ̀lú.

Ọ̀nà kẹta ni ìjíròrò, àdéhùn àti àyẹ̀wò. Lẹ́yìn tí Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ lọ́dún 1979, tó kọjú sí oko rẹ̀ ní Ọ̀tà, òun àti Malcolm Fraser ti ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n jọ ṣe alága àwọn àgbà tí àjọ Commonwealth rán lọ sí Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1986. Wọ́n rí Nelson Mandela lẹ́wọ̀n, wọ́n sì bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ wọn kò tíì parí, àwọn ológun Gúúsù Áfíríkà ya wọ Zambia, Botswana àti Zimbabwe, ìjíròrò náà sì fọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1993, Ààrẹ F. W. de Klerk jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni Gúúsù Áfíríkà ṣe bọ́ǹbù mẹ́fà, wọ́n sì ti tú gbogbo wọn palẹ̀. Àjọ IAEA, tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ núkílíà lágbàáyé, yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ló fà á. Ogun Angola ti ń parí, Namibia ti gba òmìnira, ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun sì mọ̀ pé àkókò òun ti ń tán. Ṣùgbọ́n ìyà okòwò náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Íránì ni Gúúsù Áfíríkà ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú epo rọ̀bì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba Shah ṣubú lọ́dún 1979, àwọn tó gbàjọba ti ìlẹ̀kùn yẹn, láti ìgbà náà ló sì ti ń ra epo ní ọ̀wọ́n gógó lọ́wọ́ àwọn alágbàtà.

Lọ́dún 1996, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà bọwọ́ lu àdéhùn Pelindaba ní ìlú Cairo, pé kò ní sí ohun ìjà núkílíà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ó di òfin lọ́dún 2009. Ibi tí Gúúsù Áfíríkà ti ń ṣe ìwádìí núkílíà rẹ̀ ni wọ́n fi sọ àdéhùn náà lórúkọ. Ní ti Nàìjíríà, ìwádìí ló ń fi núkílíà ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria. Ẹ̀rọ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Zaria lọ́dún 2004 kò ju nǹkan bí kìlówáàtì 30 lọ, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná.

Fún oníṣòwò, ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 2001, MTN láti Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí Ọbásanjọ́ tún wà lórí àlééfà. Àwọn tí ìlú méjèèjì kò bá ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn tẹ́lẹ̀ ti ń ta káàdì ìpè báyìí ní Too-géètì. Òwò tí wọ́n fi jà ṣeé tún so padà nígbà tí ìjà parí. Owó tó bá ti wọnú bọ́ǹbù kò ṣeé yọ jáde mọ́.

Ti Íránì àti owó dísù

Àríyànjiyàn kan náà ló wà lórí Íránì, àfi pé àwọn tó ń jiyàn lágbára ju Nàìjíríà lọ. Íránì ní iná mànàmáná lòun ń wá. Àwọn alátakò rẹ̀ ní bọ́ǹbù ló ń wá. Lọ́dún 2015, wọ́n fẹnu kò pé kò gbọdọ̀ sẹ́ yuréníọ̀mù rẹ̀ kọjá ìdá 3.67 nínú 100. Amẹ́ríkà yọ ara rẹ̀ kúrò nínú àdéhùn náà lọ́dún 2018, ó dá ìyà okòwò padà, Íránì náà sì sẹ́ tirẹ̀ dé ìdá 60. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù máa ń tó nǹkan bí ìdá 90. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà fi bọ́ǹbù kọlu àwọn ibùdó núkílíà Íránì.

Kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀, àgbá epo rọ̀bì Brent kan kò ju nǹkan bí dọ́là 69 lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó gun òkè dé nǹkan bí dọ́là 79. Nígbà tí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró, ó tún já sí nǹkan bí dọ́là 67. Ohun tó ń ba ọjà lẹ́rù ni omi tóóró Hormuz tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íránì. Lọ́dún 2024, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí gbogbo ayé ń lò ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣebí Nàìjíríà ní epo tirẹ̀. Lóòótọ́ ni, iléeṣẹ́ Dangote sì ti ń ṣe dísù ní Lẹ́kì láti oṣù kìíní, ọdún 2024. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta epo rọ̀bì lágbàáyé ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, ìjọba kì í sì í fi owó lé dísù. Àwọn oníṣòwò Ọ̀tà kò ní gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí Rọ́ṣíà gbógun ti Ukraine. Dísù tí lítà rẹ̀ kò tó náírà 300 ní oṣù kìíní kọjá náírà 700 kí ọdún náà tó dé ìdajì. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fa gáàsì láti inú páìpù rí ibi sá sí. Ẹni tó gbójú lé jẹnẹrétọ̀ kò rí.

Ohun tí oníṣòwò kékeré lè ṣe

Àkọ́kọ́ ni kí ó mọ iye tí dísù ń kó nínú owó ọjà rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ilé búrẹ́dì tó ń lo lítà 40 lójúmọ́ yóò fi náírà 4,000 kún ìnáwó ojoojúmọ́ bí lítà kan bá fi náírà 100 wọ́n sí i. Bó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, náírà 104,000 nìyẹn. Ẹni tí kò bá ṣírò èyí yóò rò pé òun ń jèrè nígbà tí òun ń jẹ owó ìdókòwò.

Èkejì ni pé kí ó má ṣe ta ọjà oṣù mẹ́ta ní iye kan ṣoṣo láìkọ ọ́ sínú ìwé pé iye náà lè yí padà bí owó dísù bá yí padà. Kí ó kọ ọjọ́ tí iye tó bá fún oníbàárà yóò parí sórí ìwé náà.

Ẹ̀kẹta, kí ó má tìtorí ẹ̀rù kó dísù jọ sínú kẹ́ẹ̀gì kiri ilé. Iná kì í mọ olówó. Ìròyìn ọdún 2025 sì fi hàn pé owó tó gòkè lọ́sẹ̀ kan lè já wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó rà á ní ọ̀wọ́n ni yóò ru àdánù rẹ̀. Ó sàn kí oníṣòwò mẹ́rin tàbí márùn-ún ládùúgbò kan pawọ́ pọ̀ ra dísù ní ojúlówó, tàbí kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé àwọn iṣẹ́ fúúfúú bíi iná gílóòbù, fáànù àti kọ̀ǹpútà bọ́ sórí sólà, kí jẹnẹrétọ̀ lè jẹ́ ti ẹ̀rọ ńlá nìkan.

Nígbà tí wọ́n bá tún ń sọ lórí rédíò pé àwọn kan fẹ́ fìyà okòwò jẹ Íránì, pé àwọn kan fẹ́ bá a jà, tàbí pé wọ́n fẹ́ jókòó ṣe àdéhùn, oníṣòwò tó gbọ́n yóò mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n bá yàn ni yóò sọ iye tí òun yóò ra dísù. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.