Ìdò: Òdòdó Tó Fẹ́ràn Ilẹ̀ Olómi

Ẹ̀yin ará Sangisa, Kétu àti Mile 12, ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe ń rí nígbà òjò. Odò Ògùn ò jìnnà, omi kì í sì í tètè fà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀pọ̀ òdòdó ló máa ń jẹrà níbẹ̀. Ìdò ni mo máa ń ní kí àwọn ọ̀rẹ́ mi gbìn.

Kí ló dé tí kì í jẹrà? Gbòǹgbò tó wà nínú ẹrẹ̀ kì í rí ọ́síjìn tó. Àmọ́ inú ìdò ní ihò tóótòòtó tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbìn ín sínú àbàtà àtọwọ́dá tó ń sẹ́ omi ìdọ̀tí: ó ń fa náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú omi náà.

Ẹ gé iṣu rẹ̀, tó jọ atalẹ̀, kí ègé kọ̀ọ̀kan ní ojú. Ẹ gbìn ín síbi tóòrùn ń pa, ní sẹ̀ǹtímítà 10 sínú ilẹ̀. Kí ẹ fi 50 sáàárín wọn, torí ó lè ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Èyí tó bá tanná tán, ẹ gé e nílẹ̀. Ọmọ tuntun á yọ.

Hóró rẹ̀ dúdú, ó le koko. Ní Argentina, wọ́n rí hóró ìbátan ìdò nínú ṣẹ́rẹ́ àtijọ́ kan. Ó ti tó ọdún 600, síbẹ̀ ó hù! Tiyín ò ní pẹ́ tó yẹn: ẹ fi sandpaper ha èèpo rẹ̀ díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú.

Àmọ́ ìdò ò lè dá àgbàrá dúró o. Gọ́tà tó bá dí, àwa fúnra wa la máa kó o.